Kámẹ́rà Òfìfo Lọ́nà Emùré

Fíìmù ò sí nínú kámẹ́rà tí mo gbé sójú lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá fọ́ ojú àgbẹ̀ kan lọ́nà Ìṣẹ̀ sí Emùré. Èmi nìkan ló mọ̀.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni nígbà náà. Oníròyìn ni mí, Ìkẹ́rẹ́ ni mo ń gbé. Fíìmù kan ṣoṣo ni ọ́fíìsì ń fún wa lọ́sẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kámẹ́rà wà lọ́rùn mi, àwọn ọlọ́pàá tó dí ọ̀nà sì ń rẹ́rìn-ín: “Oníròyìn, ya èmi náà, kí ìyàwó mi lè gbà pé mo wà níṣẹ́!” Bàbá àti màmá ni wọ́n ń pe gbogbo èrò.

Emùré ni mo ti lo fíìmù náà tán, níbi tí wọ́n ti ń ṣí ẹ̀rọ omi. Nígbà tí mò ń padà bọ̀ lọ́sàn-án, mo ti ki kámẹ́rà bọ àpò nítorí eruku. Àwọn ọlọ́pàá àárọ̀ yẹn dá ọ̀kadà tó gbé bàbá kan àti àpò kòkó rẹ̀ dúró. Ọlọ́pàá kan ní ta ló mọ̀ bóyá ó jí i.

“Lọ bi igi kòkó mi,” ni bàbá wí.

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí ọlọ́pàá nínú. Ó fi ìdí ìbọn gbá bàbá lójú, ó tún gbé ìbọn náà sókè. Ni mo bá yọ kámẹ́rà, mo gbé e sójú. Ọwọ́ ọlọ́pàá náà dúró lókè. Ó sọ ìbọn kalẹ̀, ó ń gbọn eruku lára bàbá: “Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ dìde.”

Ojú ọ̀tún bàbá náà ò ríran mọ́. Ìyàwó bàbá lọ fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá. Ó wá mi dé Ìkẹ́rẹ́.

“Ọmọ mi, fótò yẹn dà?”

“Màmá, wọ́n ṣì ń fọ̀ ọ́.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo parọ́ yẹn. Mo ń sọ fún ara mi pé bí àwọn ọlọ́pàá bá gbọ́ pé kámẹ́rà mi ṣófo, kò ní dá ọwọ́ ẹnikẹ́ni dúró mọ́ lójú ọ̀nà yẹn. Ojú sì tún ń tì mí.

Nígbà kẹrin, ó fa bàbá lọ́wọ́ wá, ó sọ ẹrù iṣu kalẹ̀. “Uṣu rèé, fún ẹni tó ń fọ̀ ọ́, kó lè tètè ṣe.”

N kò lè parọ́ mọ́. Mo jẹ́wọ́. 

“Ṣùgbọ́n o gbé e sójú, ó sì dáwọ́ dúró,” ni màmá wí. “Ṣé ìyẹn ò tó ẹ̀rí?”

Lọ́jọ́ kejì, a jọ lọ sí àgọ́ wọn. Mo kọ ohun tí mo rí sílẹ̀. Ọ̀gá wọn kà á tán, ó wò mí: “Oníkámẹ́rà ló wá ń fi bírò jẹ́rìí?” Ó ní àwọn ò pa ẹjọ́ náà tì. Ọjọ́ tí fótò bá dé, ìwádìí yóò bẹ̀rẹ̀.