Ọkọ Mi àti Omi Kànga

Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ nípa ohun tí ọkọ mi dì mú lọ́jọ́ tí àìsàn ọkàn kọ lù ú lójijì. Mo rò pé ó di ògiri mú. Ó sì lè jẹ́ ilẹ̀kùn.

Nígbà tó ti ọsibítù padà sílé wa n'Ígàndó, dókítà ní kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo. Èmi ni mo wá ń fa omi kànga láàárọ̀, iṣẹ́ tí kò jẹ́ kí n ṣe rí látìgbà tí a ti fẹ́ra. "Ìyàwó mi kì í fa omi," ló máa ń wí. Tó bá rí mi pẹ̀lú garawa báyìí, á kọjú sí ògiri.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá dúrọ́ọ̀mù ní kíkún nígbà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé.

"Dádì, ta ló pọn omi yìí?" ni mo bi ọkọ mi.

"Ìwọ náà ni jàre. Àbí iwin ni?"

Mo gbà á gbọ́, torí ọ̀pọ̀ nǹkan ni mò ń gbàgbé. Kò dùn mí, kò sì dùn mọ́ mi.

Lọ́jọ́ Sátidé ni ìyá onílé pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọkọ ẹ ló ń pọn omi yẹn o. Ike kọ́sítáàdì kékeré ló so mọ́ okùn kànga. Tó bá fa ẹyọ kan, á jókòó sinmi, kó tó fa òmíràn. Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ."