Ṣíbí Àlejò

Mọ́kànlá ni wọ́n. Mo máa kọ́kọ́ sọ ọ́ báyìí, torí ẹni tó bá rí wọn lórí tábìlì mi lónìí máa ń rò pé mo ti sọ ọ̀kan nù. Mi ò sọ ọ̀kankan nù. Wọn ò pé méjìlá rí ni, àìpé wọn yẹn ni mo sì fi ṣe àwáwí lọ́jọ́ tí kò yẹ kí n ṣe àwáwí.

Ní àkókò tí ìjọba gbé SAP dé, tí gbogbo nǹkan gbówó lérí, kúùkù ni mí ní ilé àlejò ilé iṣẹ́ kan ní Agbára, níbi tí àwọn òyìnbó tó ń bójú tó ẹ̀rọ ń gbé. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ló máa ń gbé mi láti Sango láàárọ̀, òun náà ló sì ń dá mi padà. Bàbá àgbà kan tó jẹ́ olórí àwa kúùkù ló kọ́ mi ní ìtọ́jú fàdákà. Ó ní wọn kì í fi iyanrìn tàbí eérú fọ̀ ọ́. Ẹfun ni wọ́n ń lọ̀ kúnná, wọ́n á fi omi díẹ̀ pò ó, wọ́n á wá fi àkísà tó rọ̀ nu ṣíbí náà títí èèyàn á fi rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó tún kọ́ mi pé kí n máa dojú ṣíbí délẹ̀, kí n wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Bí mo bá rí kìnnìún kékeré tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, fàdákà gidi ni. Bí kò bá sí kìnnìún níbẹ̀, bàbá náà á ní, "Irin tó wọ aṣọ ni," á sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tó yá, ohun èlò tí ilé iṣẹ́ ń kó wọlé láti òkè òkun ò wá mọ́, àwọn òyìnbó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan nínú wọn fún mi ní ṣíbí ọbẹ̀ kan nígbà tó ń di ẹrù. Ó ní ìyá ìyá òun ló ni ín. Etí rẹ̀ ti jẹ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹnu ti kọjá lórí rẹ̀, wọ́n sì fín òdòdó wẹ́wẹ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Mo wé e mọ́ etí ìró mi gbé e wálé. Mi ò tíì rí ohun tó wù mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn yòókù, mo ṣà wọ́n ni. Lójú ọ̀nà Ilo-Awela ní Sango, àwọn kan wà tó ń yọ́ àwókù páànù láti fi da ìkòkò. Ìyà ọdún wọ̀nyẹn ti mú kí àwọn èèyàn máa kó ohun ìdáná wọn lọ tà fún wọn: ìkòkò tó ń jò, abọ́ tó ti tẹ̀, ṣíbí tó jẹ́ ti àwọn ọ̀gá tó ti lọ. Tó bá di Sátidé, màá lọ lóṣòó sídìí òkìtì wọn, màá máa dojú ṣíbí délẹ̀. Àǹtí Kìnnìún ni wọ́n ń pè mí. Nígbà míì, oṣù mẹ́ta á kọjá kí n tó rí ẹyọ kan. Wọn ò jọra, òmíràn gùn ju òmíràn lọ, àmọ́ gbogbo wọn ló ní kìnnìún lẹ́yìn.

Kí ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe? Mi ò ní purọ́, ìgbéraga ni. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi mú mi lọ han àwọn ẹbí rẹ̀ nílùú wọn ní ìhà Ọ̀ṣun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wò mí tòkè tilẹ̀, ó ní, "Ẹni tó ń fọ abọ́ òyìnbó lo rí fẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́, gbogbo ilé sì bá a rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò dà nínú mi. Mo pinnu pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá pe òun àtàwọn ẹbí rẹ̀, àwọn méjìlá géérégé, tí wọ́n á jókòó sí tábìlì mi, tí màá to fàdákà síwájú wọn, mi ò sì ní sọ ọ̀rọ̀ kankan.

Ìdí ẹ̀rọ ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ kan ní Sango. Òun fúnra rẹ̀ ló kan tábìlì náà fún mi, pákó àpótí tí wọ́n fi kó ẹ̀rọ wá láti òkè òkun ló fi kàn án. Tí ẹ bá ká aṣọ léèsì orí rẹ̀ kúrò, ẹ ó ṣì rí ọfà dúdú tó ń tọ́ka sí ibi tó yẹ kó kọjú sókè. Ìjókòó mẹ́fà ló kàn sí i. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Àlejò, ìjókòó mẹ́fà, ṣíbí méjìlá. Ṣé àwọn mẹ́fà á dúró máa wo àwọn tó kù lẹ́nu ni?" Èmi náà á ní, "Ẹ kan mẹ́fà sí i, kí ọ̀rọ̀ tán." Lẹ́yìn náà, àwa méjèèjì á jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì wa, a ó máa fọwọ́ jẹ ẹ̀bà. A ò jẹun lórí tábìlì yẹn rí. Ìyá mi ní àwo àlejò tí wọn ò bu oúnjẹ sí rí títí wọ́n fi kú, mo sì rò pé bí ilé ṣe ń rí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi dé ní ọ̀sán gangan, ó ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ apá. Wọ́n ní kí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa lọ sílé ná, pé àwọn á ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọn ò ránṣẹ́. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, tó sì ń rù. Dókítà kọ oògùn tó korò bí nǹkan míì fún un. Síbẹ̀ ó ń jáde lójoojúmọ́, ó ní òun ń lọ na ẹsẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wọlé dé tí gbogbo ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún èéfín, ó ń rẹ́rìn-ín, ó wá fa ṣíbí kan yọ nínú àpò. "Ìyá Àlejò," ó ní, "ìkejìlá rèé." Ó ti fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń da ìkòkò, ó sì ti lóṣòó sídìí òkìtì náà nínú oòrùn, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo gba ṣíbí náà, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Àmì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ adé ni, kì í ṣe kìnnìún. Mo fi èékánná ha ọwọ́ rẹ̀, ara rẹ̀ sì bó, ìpẹtà yọ lábẹ́. Mo ní, "Irin tó wọ aṣọ ni," mo sì jù ú sáàárín àwọn ṣíbí ìdáná. Mi ò dúpẹ́. Mo tún bínú sí i pé kí ló ń wá nínú oòrùn. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó ń ṣe mí bíi kí n lọ fọwọ́ bo obìnrin tí mo jẹ́ nígbà yẹn lẹ́nu.

Nígbà tí kò lè jẹ ẹ̀bà mọ́, ògì ni mò ń po fún un. Ṣíbí tó rí yẹn náà ni mò ń fún un láti fi mu ún, torí ó fẹ̀, ó sì jinlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yọ ọ́ lẹ́nu, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"O jàre, irin ni. Oògùn yẹn ti ba ẹnu mi jẹ́, ìpẹtà ni gbogbo nǹkan ń dà lẹ́nu mi. Bá mi mú ọ̀kan nínú ti àlejò."

Kọ́bọ́ọ̀dù náà ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ sí ibi tí mo dúró sí. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú okùn lọ́rùn mi. Mo ní ògì kíkan á sọ fàdákà di dúdú. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n pé méjìlá ná, ká lè jọ fi wọ́n jẹun lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó ṣì ń wò mí, mo ní, "Ṣé àlejò ni yín ni?"

Mo rò pé àpárá ni mò ń dá.

"Rárá o," ó ní. "Onílé ni mí."

Ó da ògì náà sínú ife, ó sì gbé ife sẹ́nu. Látọjọ́ yẹn, kò gba ṣíbí lọ́wọ́ mi mọ́. Ife ló fi mu gbogbo ohun tó mu títí tó fi dákẹ́, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà.

Àlejò wá dé. Wọ́n pọ̀ ju méjìlá lọ. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, opó kì í dìde wọ ilé ìdáná. Àwọn obìnrin ilé ọkọ mi ló gba ilé lọ́wọ́ mi, èmi sì wà lórí ẹní nínú yàrá, aṣọ dúdú lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yẹn ló tú kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn mi láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, mi ò tiẹ̀ rántí ohun tó ń ṣí. Ó di ọ̀sán kí n tó gbọ́ ọ. Ìró fàdákà lára àwo ò jọ ti irin, ẹni tó bá ti ń nù wọ́n fún ọdún mẹ́rin á mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń jẹ ìrẹsì lórí tábìlì ọkọ mi. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ẹnì kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àsè tí mo ti ń palẹ̀ mọ́ fún láti ọjọ́ yìí ló ń lọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, ó gbé abọ́ ògì dání. Ẹkún ti mú kí ojú rẹ̀ wú. Ó jókòó tì mí lórí ẹní.

"Ìyàwó mi, jẹun. Láti àná lo ò ti fi nǹkan kan ẹnu." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo rí àwọn ṣíbí kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín, mo kó wọn fún àwọn àlejò. Má bínú. Wọ́n mà dára o. Gbogbo ìgbà tí àbúrò mi bá wálé ló máa ń sọ ọ́, pé ìyàwó òun ní ohun tí ọba gan-an ò ní. Mo fi ọ̀kan pamọ́ fún ẹ."

Ọ̀rọ̀ tí mo fi ọdún mẹ́rin dúró dè nìyẹn, láti ẹnu ẹni tí mo fẹ́ kó sọ ọ́ gan-an. Kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ó bu ògì, ó sì gbé e sí mi lẹ́nu bí ẹni ń fún ọmọdé lóúnjẹ. Èyí tí wọ́n fín òdòdó wẹ́wẹ́ sí lára ni, àkọ́kọ́ tí mo ní. Mo pa ẹnu dé mọ́ ọn, mò ń retí ìpẹtà. Ògì nìkan ló wà lẹ́nu mi, ó kan díẹ̀, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò sí irin níbẹ̀ rárá.

Mo yọ ṣíbí náà lẹ́nu, mo dá a padà fún un. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi wá ife.