Ìró Bàtà Mi Lọ́nà Kíláàsì Kẹta

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, bí oorun ọ̀sán bá ti ń gbé mi lọ báyìí, ìró bàtà kan ni mo máa ń gbọ́ láti ọ̀nà jíjìn: kò, kò, kò. Bàtà mi ni, dúdú, onígìgísẹ̀ gíga, èyí tí mo rà ní Mazamaza. Orí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Festac ló ti ń dún. Láyé ìgbà yẹn, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì kẹta mi, gbogbo ariwo á ti dákẹ́ rọ́rọ́. Mo pè é ní ọ̀wọ̀, mo tilẹ̀ máa ń fi yangàn níwájú àwọn olùkọ́ yòókù. Pàṣán tó wà lábẹ́ apá mi, mi ò kà á kún.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyá Tóyọ̀sí wá bá mi láti Satellite Town. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í gbóhùn sókè.

“Àǹtí Bùnmi, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ń na Tóyọ̀sí?”

“Mi ò fọwọ́ kàn án rí. Ọmọ dáadáa ni.”

Ó wo ẹsẹ̀ mi. “Ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá, àǹtí kan wọ irú bàtà yìí kọjá lẹ́yìn wa. Ọmọ mi tọ̀ sára, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Tó bá ṣì rí báyìí títí táàmù á fi parí, màá mú un kúrò níbí.”

Ojú tì mí gan-an.

Ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nígbà náà, mo sì ń kàwé lópin ọ̀sẹ̀ láti gba dìgírì. Wọ́n ti kọ́ wa nípa òyìnbó kan tó máa ń lu agogo kó tó fún ajá lóúnjẹ. Nígbà tó yá, bí agogo bá ti dún, itọ́ ajá á bẹ̀rẹ̀ sí í dà, kódà bí oúnjẹ ò sí níbẹ̀. Ara ajá ti kọ́ láti máa retí. Mo kọ ọ́ sínú ìdánwò, mo sì gba máàkì tó dáa. Mi ò mọ̀ pé èmi náà ń fi bàtà mi lu agogo, tí pàṣán sì ń tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ bàtà rọ́bà. Ọ̀rọ̀ wá burú sí i. Àwọn ọmọ ò mọ ìgbà tí mo ń bọ̀ mọ́, wọ́n bá ń wo ẹnu ọ̀nà ṣáá. Tóyọ̀sí ò lè kọ ìlà kan. Mo sọ fún Ìyáàfin Adéṣínà, àgbà olùkọ́ tó kọ́ mi níṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín.

“O ti sọ ara ẹ di iwin. Wọ bàtà ẹ padà. Ohun tó ń tẹ̀ lé bàtà ni kó o yí padà.”

Mo fún un ní pàṣán mi. Ó fi gbé ata tó gbìn sẹ́yìn kíláàsì ró.

Láti ọjọ́ náà, bí bàtà mi bá ti dún tí mo wọlé, ìtàn ló kàn. Ìtàn ẹja kan tó jáde nínú kànáà, odò tí wọ́n gbẹ́ gba àdúgbò wa kọjá, tó ń wá ilé-ìwé tó máa gba òun ní Festac. Mo máa ń dá a dúró níbi tó ti dùn, ó di ọ̀la. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí ohun tó yí padà. Bí mo bá ti wọlé, Tóyọ̀sí ṣì máa ń di tábìlì mú pinpin. Ọyẹ́ dé, ìkùukùu funfun bo ojú fèrèsé, ẹja ṣì ń rìn. Mo ń ka ọjọ́ tó kù kí táàmù parí, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo pẹ́ dé. Bí mo ṣe ń bọ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, kò, kò, kò, mo gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan nínú kíláàsì.

“Ẹja ti ń bọ̀ o.”

Tóyọ̀sí ni. Mo dúró síbẹ̀, mo sunkún díẹ̀ kí n tó wọlé.

Ìyá rẹ̀ wá lọ́sẹ̀ tí táàmù parí. “Àǹtí, mo wọ bàtà gíga mi lánàá. Tóyọ̀sí sáré wá pàdé mi. Ó ní kí n sọ ibi tí ẹja dé. Ẹja wo nìyẹn?”

Tóyọ̀sí ò kúrò. Ó lo ọdún rẹ̀ pé lọ́dọ̀ wa.

Ní báyìí, bí ìró bàtà yẹn bá dé lójú oorun, èmi kọ́ ni mo wọ̀ ọ́. Orí bẹ́ǹṣì ni mo wà láàárín àwọn ọmọ, à ń gbọ́ tó ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rù ò sì ba ẹnikẹ́ni nínú wa.