Ìka Ọmọńdinrín

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ìka ọmọńdinrín ni bàbá mẹkáníìkì wa ní àdúgbò Coconut fi ń dán páwà sítíárìn wò. Tí wọ́n bá tún ọkọ̀ ṣe tán, wọn á tan ẹ́ńjìnnì, wọn á fi ìka kan ṣoṣo yẹn yí sítíárìn. Bí kò bá yí, ọlọ́kọ̀ ò ní gbé e lọ lọ́jọ́ náà, ì báà máa sunkún.

"Ọkọ̀ tó bá ń bá yín jìjàkadì, ẹ má wà á," ni wọ́n máa ń wí.

Bẹ́ẹ̀ rọ́bà tó ń gbé epo lọ sí sítíárìn píkọ́ọ̀pù tiwọn ti là. Dípò kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, àràárọ̀ ni wọ́n ń da epo tuntun sí i kí wọ́n tó kúrò nílé wọn ní Boundary.

Lọ́jọ́ tí mo wá gbé ọkọ̀ mi, mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá, ìka mélòó ni tiyín ń gbà?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n na apá wọn tó ki pọ́pọ́ sí mi. "Ìwọ yìí! Ẹ̀yin oníbàárà lẹ nílò ìka kan. Apá méjèèjì ni tèmi ń gbà. Màá pààrọ̀ rọ́bà ẹ̀ lọ́la."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wa ọkọ̀ mi lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, epo ti jò tán kí wọ́n tó dé kọ́nà Coconut. Sítíárìn le koko, píkọ́ọ̀pù kọ̀ kò yí, ó sì wọ abẹ́ tírélà. Nígbà tí àwa ará àdúgbò fi máa já ilẹ̀kùn, ẹ̀mí ti bọ́. Ọwọ́ wọn méjèèjì ṣì di sítíárìn mú.