Àmì Ṣọ́ọ̀kì Lára Ògiri Agbo Ilé Wa

Láti ọjọ́ tí Bàbá Kékeré ti ti Sìkọ́tílándì dé ni mi ò ti fọkàn tán wọn. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n o. Àmọ́ ẹni tí kò wálé fún ọdún gbọọrọ, tó wá dé lójijì, tó ní agbo ilé wa l'Ọ́mù-Àrán lòun fẹ́ máa wò, kí ló ń wá?

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi fídíò kan han èmi àti Màmá àgbà, ìyá bàbá mi. Ilé olókùúta lórí òkè, ti ìdílé òyìnbó kan.

"Màmá, ẹ wo ògiri wọn, ó nípọn ju gígùn apá mi lọ. Ẹ wo fèrèsé, bí ojú ihò, kí ọfà má baà wọlé. Ẹnu ọ̀nà náà kúrú. Bí ọ̀tá bá ń wọlé, orí ló máa kọ́kọ́ gbé wá."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ṣé kì í ṣe ilé wa lo ń júwe yẹn?"

Òótọ́ ni. Amọ̀ ni tiwa, àmọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé. Ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sí àgbàlá kan ṣoṣo. Bàbá tó tẹ̀ ẹ́ dó sá fún ogun wá síbẹ̀, inú yàrá ẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Àwọn bàbá wa mẹ́ta mìíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Yàrá tó kàn wọ́n ni Màmá ń sùn.

Èmi náà lọ́wọ́ nínú ilé yẹn. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀ torí àwọn tíṣà ń fa ọ̀rọ̀ jù, mo lọ kọ́ṣẹ́ bíríkìlà l'Áràndún. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi mọ ohun tí àwọn ẹlòmíì ń fi ọdún mẹ́ta kọ́. Ọ̀gá mi ò gbà, ìlara ni. Lọ́dún tó kọjá, èmi nìkan ni mo fi simẹ́ǹtì rẹ́ ògiri iwájú látòkè délẹ̀. Ó ń dán bíi dígí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo bá Bàbá Kékeré tí wọ́n ń fi ìka kan ògiri mi, kó, kó, kó, tí wọ́n ń gbé etí lé e. Wọ́n yọ ṣọ́ọ̀kì, wọ́n fa ẹ́kìsì sí i níbi mélòó kan. Ta ni ò mọ ẹ́kìsì? Ilé tí ìjọba bá fẹ́ wó ni wọ́n ń fà á sí.

"Bàbá Kékeré, kí lẹ̀ ń wá lára ògiri?"

"Mò ń kí i ni. Ṣé o fẹ́ bá mi kí i?"

Ẹ̀rín yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo gba ọ̀dọ̀ Màmá lọ. "Bàbá Kékeré fẹ́ ta ilé yìí fún ẹni tó máa wó o."

"Ọkọ mi, ta ló máa ra ilé tó ní sàréè mẹ́rin nínú?"

"Màmá, kò sóhun táwọn èèyàn ò lè rà mọ́."

Màmá dáwọ́ ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó dúró. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, inú yàrá yìí náà ni wọ́n máa bá mi."

Bí Bàbá Kékeré ṣe lọ kí àna wọn l'Ókè-Onígbìn, mo pọnmi, mo fọ gbogbo àmì yẹn nù. Èyí tó tóbi jù wà lára yàrá Màmá. Odindi garawa kan ni mo dà sí i. Omi gba ibi tó là lókè wọlé, kò sì jáde nísàlẹ̀.

Kó tó dìrọ̀lẹ́, simẹ́ǹtì ya lulẹ̀ tòun tamọ̀. Mo ń rí ẹní Màmá láti ìta. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, àgbàlá ni wọ́n jókòó sí.

Bàbá Kékeré dé, wọ́n wo ihò, wọ́n wo garawa. Wọ́n yí ẹ̀yìn àfọ́kù simẹ́ǹtì kan sókè, amọ̀ tútù lẹ̀ mọ́ ọn.

"Amọ̀ máa ń mí. Ìwọ fi simẹ́ǹtì dé e lẹ́nu. Ibi tí mo fàmì sí, ó ti ṣófo lẹ́yìn ni. Ohun kan náà ni wọ́n ṣe sí ilé olókùúta yẹn, èmi wà lára àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti ha simẹ́ǹtì náà kúrò."

"Ibo ló tún kù tó ṣófo?"

"Ṣé ìwọ tó fọ̀ ọ́ nù ló ń bi mí?"

"Bíríkìlà àgbà!" Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ká ẹní wọn lọ sí òdìkejì àgbàlá.

Ni Bàbá Kékeré bá tún bẹ̀rẹ̀ kó, kó, kó, èmi ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. A ha gbogbo simẹ́ǹtì náà kúrò. Mo fẹsẹ̀ tẹ amọ̀ pọ̀ mọ́ koríko, mo fi ń tún ògiri Màmá mọ. Ìpele kan ò ju orókún lọ, ó gbọ́dọ̀ gbẹ kí n tó gbé òmíì lé e. Èmi tí mo ń rẹ́ yàrá kan kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, mo jókòó, mò ń ṣọ́ amọ̀!

Bàbá Kékeré ti padà sí Sìkọ́tílándì. Wọ́n ní kí n máa fi fọ́tò ìpele kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, àbí wọ́n ṣì fẹ́ tà á? Mò ń fi ránṣẹ́, torí ògiri Màmá ò gbọdọ̀ tún wó. Àmọ́ mo máa ń fara mi dí ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn bàbá wa nínú fọ́tò náà. Ìyẹn ò kàn wọ́n.