Ẹ Gbé Àga, Ó Kan Fídíò

Bí ẹ bá dé Ọ̀yọ́, tí ẹ béèrè Bàbá Àkànjí Onísinimá lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, ẹ̀rín ni wọ́n á kọ́kọ́ bú sí kí wọ́n tó rántí sọ fún yín pé ó ti kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ròyìn ọjọ́ tó ku díẹ̀ kó fi àwòrán tú ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ká.

Ọdún 1986 ni. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí Adérónkẹ́, àkọ́bí rẹ̀, fẹ́ Ọláníyì ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ìdílé ọkọ ti mú lẹ́tà ìtọrọ wá, oníkámẹ́rà sì ti gba gbogbo rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Bàbá Àkànjí ní àfi kí àwọn àna òun wá wò ó nílé òun. Lọ́sàn-án gangan, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí gbogbo fèrèsé, ó ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun la pálọ̀ já láti ògiri dé ògiri, ó sì to àga tìmùtìmù síwájú aṣọ fún àwọn àna. Ẹ̀yìn aṣọ, lápá ilé ìdáná, ni Martha ìyàwó rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò há ara wọn mọ́.

Ẹ̀rọ sinimá àtijọ́ ló kọ́kọ́ tàn. Ó fi fíìmù kan hàn wọ́n lórí bí a ṣe ń fọ ọwọ́ kí a tó jẹun, gbogbo wọn sì gbádùn rẹ̀ bí òógùn tilẹ̀ ń bò wọ́n. Lẹ́yìn náà ló tan àpótí pákó kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, fídíò sì yọ gàdàgbà sára aṣọ. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ nígbà tí Alàgbà Ọlọ́runnísọ̀lá, bàbá ọkọ, hẹ́dímásítà tó ti fẹ̀yìn tì, dìde.

"Ẹ dá a dúró! Àna mi, ọwọ́ wo lẹ fi gba lẹ́tà wa yẹn?"

"Ọwọ́ ọ̀tún ni, sà."

"Òsì ni mo rí. Òsì gbàǹgbà! Ẹni tí kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀, ṣé lẹ́tà tiwa ló wá yẹ kó fi gbà?"

"Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, sà," Adérónkẹ́ sọ, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Mo wà níbẹ̀, ọmọ mi, àmọ́ mo dijú, mò ń gbàdúrà. Kámẹ́rà ò dijú."

Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ wá bàtà nínú òkùnkùn. Adérónkẹ́ rá bàbà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà sọ pé ẹ̀rọ yín ló ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ."

Bàbá Àkànjí wo ọmọ rẹ̀, ó wo àpótí. "Rónkẹ́, wàá relé ọkọ. Àmọ́ ẹ̀rọ mi kì í parọ́."

Ibẹ̀ ni Martha ti figbe ta lẹ́yìn aṣọ. "Kí lẹ̀ ń wí níbẹ̀ yẹn? Ọwọ́ ọ̀tún ni Bàbá Rónkẹ́ fi gbà á o! Òun ni mò ń wò níbí yìí!"

Alàgbà ká etí aṣọ sókè, ó yọjú sẹ́yìn: ọ̀tún. Ó padà síwájú: òsì. Ó tún yọjú. Nígbà tó padà síwájú lẹ́ẹ̀kẹta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ara rẹ̀ nínú àwòrán, òun tí í ṣe alàgbà ìjọ, tó ń fi ọwọ́ òsì na lẹ́tà sí àna rẹ̀. Ó rọra jókòó.

"Mo wí bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Àkànjí wí. "Ẹ̀rọ mi kì í parọ́. Ibi tí ẹ jókòó sí ló ń parọ́."

Báyìí ni àwọn àna pàtàkì ṣe gbé àga wọn kọjá sẹ́yìn aṣọ, tí wọ́n jókòó sáàárín ọlọ ata àti àpò èlùbọ́, tí wọ́n sì rí ọwọ́ ọ̀tún tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìgbéyàwó wáyé.

Ohun tó fà á kò ju báyìí lọ. Ogún ọdún ni Bàbá Àkànjí fi gbé sinimá ìjọba kiri abúlé, ẹ̀rọ ògbólógbòó náà ni wọ́n sì fi ta á lọ́rẹ nígbà tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí fídíò dé, inú bí i. "Sinimá inú páálí! Àwòrán tí ò bá tàn sára aṣọ, kí lèèyàn ń wò níbẹ̀?" Ó gba Ọjà Igbó lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó lọ bá Saifudeen tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, pé kó ta awò ńlá kan fún òun tóun máa fi gbé àwòrán inú tẹlifíṣọ̀n jáde sára aṣọ.

"Bàbá, awò yìí á dorí àwòrán kodò o."

"Èmi náà á dorí tẹlifíṣọ̀n kodò. A ó jọ wò ó."

Martha ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó bá tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ nínú àpótí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè. "Bàbá Rónkẹ́! Ta ló ṣe èyí?"

"Martha, fara balẹ̀. Kí àwọn kan tó lè nàró láyé yìí, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dorí kodò."

Orí ló tún ṣe. Ọwọ́ ló gbàgbé: awò náà ń sọ ọ̀tún di òsì bíi dígí, àfi ẹni tó bá wò ó láti ẹ̀yìn aṣọ.

Látọjọ́ náà, bí fíìmù bá ti parí níwájú aṣọ, á pariwo, "Ẹ gbé àga, ó kan fídíò!" Gbogbo ilé á sì kó lọ sẹ́yìn. Mashood aládùúgbò rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò kàn gbé àpótí fídíò lọ sí òdìkejì aṣọ, káwọn èèyàn lè jókòó sójú kan.

"Mo ti so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀," ó dá a lóhùn. "Ṣé kí n wá tú wọn ká torí àga?"

Ọdún 1989 ló sùn tí kò jí mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, Alàgbà Ọlọ́runnísọ̀lá tún wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní òun fẹ́ rí àna òun. Adérónkẹ́ dí fèrèsé, ó ta aṣọ, ó dorí tẹlifíṣọ̀n kodò. Ó fẹ́ pariwo bí bàbá rẹ̀ ti máa ń ṣe, àmọ́ ó fi ìborùn bojú, Martha ló bá a sọ ọ́. Gbogbo èèyàn gbé àga. Alàgbà nìkan ni kò dìde lórí àpótí ìjókòó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

"Bàbá, òsì lẹ máa rí níbí o."

"Mo mọ̀. Ibo ni bàbá rẹ máa ń jókòó sí?"

Ìgbà náà ló tó yé Adérónkẹ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ kì í kúrò nídìí ẹ̀rọ. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, bàbá rẹ̀ kò fìgbà kan rí fídíò ìtọrọ rẹ̀ bó ṣe tọ́. Ọ̀tún ló fi ń han gbogbo ayé, òsì ló ṣẹ́ kù sọ́dọ̀ òun fúnra rẹ̀. Omijé dà lójú rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú bàbá ọkọ rẹ̀.

Lára aṣọ, Bàbá Àkànjí rẹ́rìn-ín, ó sì na ọwọ́ òsì.

"Àna mi," Alàgbà wí jẹ́ẹ́jẹ́, "èyí tó bá wù yín ni kí ẹ fi kí mi." Ó ṣí fìlà, ó sì gbé ọwọ́ òsì tirẹ̀ sókè dá a lóhùn.