Gíríìlì Tí A Gé Ní Billbrook

Èmi ni mo parọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn, màá tún wá ọ̀nà yọ ara mi. Bàbá tó ni ọkọ̀ ò tíì sọ èyí tó fẹ́. Èmi ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ó ti sọ.

Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Panẹ́lì bítà ni wọ́n, ará Abẹ́òkúta, àwọn ni wọ́n gbà mí sílé ní Wilhelmsburg nígbà tí mo dé Hamburg. Lójoojúmọ́ wọ́n ń to páálí ní ilé ìkẹ́rùsí. Tó bá di Sátidé, àwa méjèèjì á máa tún ara ọkọ̀ ṣe nínú ṣẹ́ẹ̀dì kékeré kan tí wọ́n háyà ní Billbrook, nínú Hamburg kan náà. Ohun tí wọ́n ń wá ò ju kí ṣẹ́ẹ̀dì yẹn tó wọn jẹun, kí wọ́n lè fi páálí sílẹ̀.

Bí iṣẹ́ Berlin ṣe dé nìyẹn. Bàbá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì ní ọkọ̀ Amẹ́ríkà onílẹ̀kùn méjì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní họ́t rọ́ọ̀dù: ara ayé àtijọ́, ẹ́ńjìnnì òde òní. Ó ní òun ní ọ̀rẹ́ mẹ́fà tó ní irú ẹ̀, pé tí iwájú ọkọ̀ òun bá ti dára, gbogbo wọn á gbé tiwọn wá. Ẹ̀gbọ́n ò lè jókòó sójú kan lọ́sẹ̀ yẹn.

Gíríìlì ló kù, irin ojú ọkọ̀ tó bo rédíétọ̀. Èyí tí bàbá náà ti ní tẹ́lẹ̀ ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ọ̀pá rẹ̀ dúró ṣánṣán bí eyín òòyà, ó sì ti ń dípẹtà. Tuntun tó rà fẹ̀, ọ̀pá tirẹ̀ dùbúlẹ̀, ó ń dán débi pé èèyàn lè wojú nínú ẹ̀ fá irùngbọ̀n. Ní gáréèjì rẹ̀ ní Berlin, ó fọwọ́ kan èyí, ó fọwọ́ kan tọ̀hún, ó mi orí. Ó ní ká máa gbé méjèèjì lọ pẹ̀lú ọkọ̀, kí n pe òun ní Fúráìdè, òun á ti ronú. Èmi ni ògbufọ̀, torí mo ti ṣe kíláàsì Jámánì fóṣù mẹ́rin.

Lójúkojú, mo lè wo ẹnu èèyàn, mo lè fọwọ́ ṣàlàyé. Lórí fóònù, mo máa ń yadi. Ní Fúráìdè, mo tẹ nọ́ńbà náà, ó dún lẹ́ẹ̀kan, mo pa á.

"Kí ni bàbá yẹn wí?" ẹ̀gbọ́n bi mí.

"Ó ní ká fi èyí tó ń dán sí i, sà."

"Mo mọ̀! Ta ló fẹ́ gbé ìpẹtà síwájú ọkọ̀, kó tún wá sanwó lé e?"

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, iṣẹ́ tí ò bá tíì dán, wọn ò tíì parí ẹ̀. Mo ní ohun tó máa yàn náà nìyẹn.

Àmọ́ tuntun ò ní ẹsẹ̀, irin tí wọ́n fi ń dè é mọ́ ara ọkọ̀, tó bá ọkọ̀ yẹn mu. Ẹ̀gbọ́n mú ẹ̀rọ ìgérin, wọ́n ní kí n di ti àtijọ́ mú. Mo dì í mú. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n rò pé iná ni mò ń sá fún.

"Ojo! Ṣé báyìí lo ṣe máa di jórinjórin?"

Wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹ̀, wọ́n jó o mọ́ tuntun. Ìyókù bá irin àlòkù lọ.

Lọ́jọ́ tí à ń gbé ọkọ̀ padà sí Berlin, ẹ̀gbọ́n ń kọrin ìyìn láti Hamburg. Gbogbo ilé epo tí a bá ti ń sún mọ́, mo máa ń ní ibẹ̀ ni màá ti sọ ọ́. A kọjá gbogbo wọn.

"Kí ló dé tí o ò bá mi gbe orin?"

"Oorun ló ń kùn mí, sà."

Bàbá náà jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó dé iwájú ọkọ̀, ó dúró. Kò pariwo. Ó béèrè ibi tí gíríìlì àtijọ́ wà. Ó ní òun àti àbúrò òun làwọn fọwọ́ rọ ọ̀pá yẹn níkọ̀ọ̀kan, àbúrò náà sì ti kú. Òun ò mọ̀ bóyá òun lè máa wò ó lójoojúmọ́, ìdí tóun fi ní kí n pè nìyẹn.

Mo túmọ̀ gbogbo ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wò mí, wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n wá yíjú sí bàbá náà, wọ́n fọwọ́ lu àyà.

"Ich," wọ́n wí. "Ich schneiden." Wọ́n nàka sí mi, wọ́n mirí: kì í ṣe òun. Nínú Jámánì jákujàku, wọ́n ní àwọn ni àwọn kánjú gé e. Èmi tí mo gbọ́ Jámánì ju wọ́n lọ, mi ò la ẹnu.

Nínú bọ́ọ̀sì tí a bá padà sí Hamburg, ẹ̀gbọ́n ní, "Ṣé o pè é?"

"Rárá, sà. Ẹ̀rù fóònù ló bà mí."

Wọ́n yíjú sí fèrèsé. "Tí mo bá tì ẹ́ síwájú níbẹ̀, kí ni mo wá ń dàgbà fún? Ṣùgbọ́n fóònù! O mà ṣe mí o."

Ọ̀kankan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́fà yẹn ò wá. Kí ọdún tó parí, ẹ̀gbọ́n ti gbé ṣẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún onílé. Páálí ni wọ́n ṣì ń tò. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní iṣẹ́ ò rìn ni. Ní gbogbo Sọ́ńdè, wọ́n ṣì ń béèrè ìyá mi lọ́wọ́ mi.

Títí dòní, lójú bàbá Berlin yẹn, ẹ̀gbọ́n ni oníwàǹwára tó gé iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò òun. Ó yẹ kí n lọ dúró níwájú rẹ̀, kí n ní irọ́ tèmi ni. Ẹ̀gbọ́n ò sọ pé kí n lọ. Mi ò tíì lọ. Gbèsè tí mo jẹ wọ́n nìyẹn.